Owó tí ẹ kó jọ fún ilé ìwé yín: ẹ jẹ́ kó kan láàbù kó tó kan kọ̀ǹpútà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa tá a jáde ní 1996 ní ilé ìwé girama ìjọba kan ní Súrùlérè. A ti dá owó jọ, ó ti tó mílíọ̀nù mẹ́sàn-án náírà, a sì fẹ́ fi ra kọ̀ǹpútà ogún fún ilé ìwé náà kí àwọn ọmọ lè kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Àwọn kan nínú wa sọ pé ìjọba ló yẹ kó ṣe é, pé ká fi owó wa ṣe àríyá ọgbọ̀n ọdún tá a jáde. Àwọn mìíràn ní ká gbé owó náà fún pírínsípà tààrà. Kí lẹ rí sí i? Báwo la ṣe lè ná owó yìí kó wúlò lóòótọ́ fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́, àbúrò mi, ẹ sì kú ìnáwó. Ẹ bá mi kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó tọwọ́ bàpò. Ní Èkó òní, tí owó ilé, owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ń lé ara wọn, kí èèyàn tún yọ tirẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ tí kò mọ̀ rí, orí mi wú nígbà tí mo ka lẹ́tà yín.

Ìdáhùn mi ní ṣókí nìyí: ẹ má ra kọ̀ǹpútà ogún. Ẹ ra mẹ́fà. Ẹ fi èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà tún láàbù ṣe, ẹ pín ìnáwó náà sí ọdún mẹ́ta, kí ẹ sì wá ẹnì kan tí kọ́kọ́rọ́ láàbù yóò máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹ ó máa san owó oṣù fún. Mo mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ àwọn tó ti ń ronú fọ́tò ọjọ́ tí wọn yóò gé ríbọ́ọ̀nù. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Mo kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísítìrì ní ilé ìwé ìjọba, ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti ní Yábà, kí n tó di ẹni tó ń lọ káàkiri wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ sáyẹ́ǹsì láti ilé ìwé kan sí òmíràn. Ohun tí mo ń bá pàdé níbi púpọ̀ ni ọmọ SS3 tó lè ka gbogbo ìgbésẹ̀ titration (dída acid mọ́ alkali díẹ̀díẹ̀ láti mọ bí ọ̀kan ṣe lágbára tó) fún ọ láìfi ẹyọ kan sílẹ̀, àmọ́ tí kò tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ẹnu burette, ọ̀pá gíláàsì tí omi rẹ̀ ń kán díẹ̀díẹ̀, rí. Ìgbà tí ìdánwò WAEC bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, tí ilé ìwé bá sáré lọ ra èlò, ni yóò rí i lójúkojú. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni wọ́n fi ń kọ́ ohun tó yẹ kó gba ọdún mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, WAEC ní ìdánwò àfọwọ́ṣe lọ́tọ̀ fún físíìsì, kẹ́mísítìrì àti bàyọ́lọ́jì, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní practical. Máàkì ń lọ níbẹ̀, ó sì ń dùn mí, ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí jù ni pé ọmọ tí kò fọwọ́ kan nǹkan kì í gbà lọ́kàn rẹ̀ pé òun náà lè jẹ́ onísáyẹ́ǹsì. Á gbà pé àkọ́sórí ni, pé àwọn mìíràn níbòmíràn ló ń ṣe é. Tó bá dé yunifásítì, tó bá dé ibẹ̀, ẹ̀rù ni yóò fi wọ láàbù.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí owó yín kọ́kọ́ lọ síbi tí ọwọ́ ọmọ yóò ti kan nǹkan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Irú ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí, ilẹ̀ wa ti ṣe é rí, ó sì tóbi ju tiyín lọ fíìfíì. Ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ fẹ́ kí gbogbo ọmọ JSS mọ díẹ̀ nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ. Wọ́n ra ẹ̀rọ láti òkè òkun fún kíláàsì tí wọ́n ń pè ní Intro Tech: èyí tó ń gé irin, èyí tó ń lu ihò, èyí tó ń fá pákó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò jáde rárá nínú àpótí tí wọ́n fi kó wọn wá. Ilé ìwé kan kò ní ilé tí yóò gbé e sí, òmíràn kò ní iná tó lè gbé e, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò sì ṣọ̀wọ́n níbi gbogbo. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣe tíṣà nígbà yẹn, á sọ fún yín nípa àpótí onípákó tó wà lẹ́yìn ilé títí ó fi ra. Wọ́n ti san owó ẹ̀rọ tán. Ohun tí wọn kò rà ni gbogbo ohun tó ń tẹ̀ lé ẹ̀rọ: ẹni tí yóò lò ó, ohun èlò tó máa ń tán tí a gbọ́dọ̀ tún rà, àti ẹni tí yóò tún un ṣe bó bá bàjẹ́.

Èmi fúnra mi rí irú rẹ̀ ní ilé ìwé kan lórí Mainland, tí n kò ní dárúkọ. Ẹgbẹ́ kan ti fún wọn ní yàrá kọ̀ǹpútà tó rẹwà. Nígbà tí mo débẹ̀, nylon ṣì wà lórí kíbọ́ọ̀dù. Bátìrì ìnfátà ti wú. Pírínsípà ti ti ilẹ̀kùn pa nítorí olè, kò sì jẹ̀bi, torí bí ọ̀kan bá sọnù, òun ni wọn yóò bi. Àwọn ọmọ ń yọjú wò ó láti ojú fèrèsé.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò owó láàbù, torí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti máa ń sọ pé apá kò ká a. Ẹ mú ìgò sodium hydroxide kan, gíráàmù 500, irú èyí tí ẹ ó rí rà ní Ọjọ́ta lọ́dọ̀ àwọn oníkẹ́míkà. Gíráàmù 4 péré la máa ń yọ́ sínú omi lítà kan láti rí omi 0.1 mol/dm³ (ìyẹn ni bí kẹ́míkà inú omi ṣe pọ̀ tó) tí a ń fi ṣe titration. Ìgò kan yẹn á fún yín ní lítà 125. Ọmọ kan tó bá wọn 25 cm³ lẹ́ẹ̀mẹrin, tó sì fi díẹ̀ ṣan pipette rẹ̀ (páìpù gíláàsì tí a fi ń wọn omi), kò ní lò ju 150 cm³ lọ. Ẹ pín in wò: ìgò kan á kárí ọmọ tó lé ní 800. Hydrochloric acid tó nípọn, tó ń wá nínú ìgò lítà 2.5, tún pẹ́ ju ìyẹn lọ. Bíi 8.5 cm³ rẹ̀ la nílò fún lítà kan omi 0.1 mol/dm³, nítorí náà ìgò kan á ṣe lítà tó ju 250. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé owó kẹ́míkà ni kò jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe practical, ẹ fi ìṣirò yìí hàn án.

Ohun tó ń gbówó ni gíláàsì, torí ó ń fọ́, àti ìwọ̀n tó péye. Ẹ ra ìwọ̀n kan ṣoṣo tó lè ka gíráàmù dé 0.01, kí ẹ sì tì í mọ́ inú àpótí. Ẹ ra burette, pipette, ìgò conical àti retort stand (irin tó ń di burette mú) tó pọ̀ tó kí ọmọ má ju méjì lọ nídìí ọ̀kan. Ní ibi tí ọmọ mẹ́fà bá ti dúró ti burette kan, ẹnì kan ló ń ṣiṣẹ́, márùn-ún ń wòran. Ẹ ra róbà tí wọ́n fi ń fa omi sínú pipette, kí ọmọ kankan má fi ẹnu fa kẹ́míkà mọ́. Ẹ ra awò ìdáàbòbò fún gbogbo wọn. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé acid la ń dà sínú omi, a kì í da omi sínú acid tó nípọn, nítorí ooru rẹ̀ lè mú kó ta sí èèyàn lójú. Sodium hydroxide máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́, nítorí náà bí ìdérí rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀ ní ojú ọjọ́ Èkó, kò ní pẹ́ rin gbindin, ìwọ̀n rẹ̀ ò sì ní ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. Irú nǹkan kékeré báyìí ló ń ba ìgò ńlá jẹ́.

Omi náà nílò ìtọ́jú. Kànga àti bóòhólù ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Èkó, pàápàá ní Erékùṣù, ní iyọ̀ àti kálíṣíọ̀mù tó lè da èsì rú. Fún ìdánwò gan-an, ẹ ra omi distilled. Fún ìdánrawò, omi òjò tí a gbà tààrà láti ojú ọ̀run, tí kò gba orí páànù kọjá, á ṣe é.

Fún àwọn ọmọ JSS tí kò tíì tó kẹ́míkà gbé dání, ẹ rán ẹnì kan lọ sí ọjà Oyíngbò kó ra zobo gbígbẹ àti ọsàn wẹ́wẹ́. Wọ́n á bọ zobo, wọ́n á jẹ́ kó tutù, wọ́n á pín in sínú ife. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan, á pupa yòò. Ẹ da omi eérú tí a ti sẹ́ sí èkejì, á yí padà di àwọ̀ ewé. Omi eérú yẹn kan náà ni àwọn ìyá wa ń pò mọ́ àdí láti fi se ọṣẹ dúdú, òun náà ni àwọn aláró ń lò nínú ìkòkò aró. Olùkọ́ tó bá mọṣẹ́ lè ti ibẹ̀ mú wọn dé ọ̀rọ̀ acid àti alkali láàárín ìdajì wákàtí, kò sì sí ọmọ tí yóò gbàgbé rẹ̀ láé. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ju ọ̀pọ̀ ohun olówó ńlá tí mo ti rí lọ.

Físíìsì kò le bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀. Okùn, nọ́ọ̀tì irin kan àti ago orí fóònù ti tó fún pendulum, ohun tó ń fì síwá sẹ́yìn lórí okùn: bí okùn náà bá gùn tó mítà kan, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ á gba bíi ìṣẹ́jú àáyá 2, ọmọ á sì ti ara rẹ̀ ṣírò agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì, wáyà àti gílóòbù kéékèèké ni ti iná mànàmáná. Bàyọ́lọ́jì ń fẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, òdòdó inú ọgbà, ẹja àti aáyán. Ẹ kàn ra awò náà kó pọ̀.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan níbi tí a dé yìí. Bí àwọn ọmọ bá ń ṣiṣẹ́ ní méjì méjì tàbí mẹ́ta mẹ́ta, ẹ ó rí i pé àwọn ọkùnrin ló máa ń gba èlò mọ́wọ́, wọ́n á ní kí ọmọbìnrin máa kọ èsì sílẹ̀ torí pé ìwé rẹ̀ dára. Títí SS3, ọmọ yẹn á ti di akọ̀wé láàbù. Ẹ bá olùkọ́ sọ ọ́ kí wọ́n máa pààrọ̀ iṣẹ́ láàárín ara wọn ní gbogbo ìgbà.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ èèyàn, èyí tí mo kà sí pàtàkì ju gbogbo ohun tí mo ti sọ lọ. Ẹ ronú olùkọ́ kẹ́mísítìrì kan tí kíláàsì rẹ̀ lé ní ọgọ́ta ọmọ, tó sì ní kíláàsì púpọ̀ lọ́jọ́ kan. Kí practical kan tó wáyé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti wọn kẹ́míkà, ti po ó, ti dán an wò, ti to èlò sórí tábìlì. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fọ gbogbo rẹ̀, kà á, kó sì tì í pa. Wákàtí mẹ́ta iṣẹ́ ló wà lẹ́yìn ìṣẹ́jú ọgọ́rin tí ọmọ fi wà nínú láàbù. Bí kò bá sí ẹni tó ń bá olùkọ́ ṣe é, kò ní ṣe é, n kò sì ní bá a wí. Èyí ni iṣẹ́ òṣìṣẹ́ láàbù, ọ̀pọ̀ ilé ìwé ni kò sì ní ẹyọ kan. Ẹ wá ọ̀dọ́ kan tó ti jáde nínú ìmọ̀ Science Laboratory Technology, irú èyí tí wọ́n ń kọ́ ní Yaba Tech, kí ẹ san owó oṣù fún un fún ọdún mẹ́ta láti inú owó yín. Kọ́kọ́rọ́ kan á wà lọ́wọ́ rẹ̀, èkejì lọ́wọ́ olórí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì. Kó jẹ́ pé láàbù ń ṣí ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ó ń tì ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, yálà pírínsípà wà lórí ìjókòó tàbí ó lọ ìpàdé ní Alausa.

Olùkọ́ náà nílò ìrànwọ́. Àwọn kan nínú wọn jáde ní ilé ìwé tí kò ní láàbù, wọ́n kàwé gboyè pẹ̀lú practical tí kò tó nǹkan, ìtìjú ò sì ní jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, STAN, ti wà láti 1957, ó sì ní ẹ̀ka ní Èkó. UNILAG wà nítòsí yín láti 1962, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ náà sì wà ní Àkọkà. Ẹ bá wọn sọ ọ́, kí olùkọ́ àgbà kan máa wá ní Satide kan láàárín táàmù, kí òun àti àwọn olùkọ́ yín jọ ṣe gbogbo practical tó ń bọ̀ nínú táàmù náà, láìsí ọmọ kankan níbẹ̀. Ẹ fún wọn ní oúnjẹ àti owó ọkọ̀. Owó tí ẹ ná lórí Satide yẹn á dé ọ̀dọ̀ gbogbo ọmọ tí olùkọ́ náà yóò kọ́ títí yóò fi fẹ̀yìn tì.

Ọ̀rọ̀ èdè so mọ́ èyí, n kò sì lè fò ó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, ọmọ Èkó, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́, títí kan sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, fún odindi ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kẹ́kọ̀ọ́ láti ọdún kẹrin, àwọn tó fi Yorùbá kọ́ ọ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní Súrùlérè lónìí, Yorùbá nìkan kọ́ ni èdè inú kíláàsì, Gẹ̀ẹ́sì sì ni WAEC fi ń bi wọ́n. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá rí i pé ojú àwọn ọmọ ti dí, kó ṣàlàyé fún wọn ní èdè tó yé wọn, kó tó padà sí ti ìwé. Àwọn olùkọ́ kan ṣì ń fi pàṣán lé Yorùbá jáde nínú kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dẹ́kun rẹ̀.

Ẹ ó máa bi mí pé kọ̀ǹpútà wá ńkọ́. N kò kórìíra rẹ̀. JAMB bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ní 2013, nígbà tó fi máa di 2015 wọ́n ti fi ti orí bébà sílẹ̀ pátápátá. Ọmọ tó bá jẹ́ pé gbọ̀ngàn JAMB ló ti kọ́kọ́ di máùsì mú ti pàdánù kó tó ka ìbéèrè kìn-ín-ní, ọmọ ilé ìwé ìjọba ni ó sì sábà máa ń jẹ́. Mẹ́fà ni mo ní kí ẹ rà, kí ó sì jẹ́ laptop, nítorí iná. Laptop kan ń jẹ nǹkan bíi watt 40, mẹ́fà kò ju 240 lọ; sólà kékeré pẹ̀lú bátìrì tó dára á gbé e láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ogún á jẹ ju watt 2,000 lọ, ìyẹn ni pé ẹ ó máa gbé epo jẹnẹrétọ̀ lọ́rùn, lọ́jọ́ tí kò bá sì sí owó epo, yàrá náà á tì. Kí ẹ gbé mẹ́fà náà sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú láàbù. Ọmọ mẹ́ta nídìí ọ̀kan, ọmọ méjìdínlógún ń lo kọ̀ǹpútà nígbà tí àwọn yòókù ń ṣe practical, kí wọ́n tó pààrọ̀. Òṣìṣẹ́ láàbù kan náà ni yóò máa ṣọ́ méjèèjì.

Ẹ má fi owó dátà dẹ́rù pa ara yín. PhET, ètò orí kọ̀ǹpútà tí Carl Wieman, onímọ̀ físíìsì kan, dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Colorado ní 2002, ní àwòrán tó ń rìn tí ọmọ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ so wáyà iná, fa okùn pendulum, po acid. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì lè gbà á sórí kọ̀ǹpútà kó máa ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Kolibri, ètò ẹ̀kọ́ mìíràn, náà wà, tí ẹ ó gbé sórí kọ̀ǹpútà kan, tí àwọn yòókù á máa gba fídíò àti ìdánrawò láti ara rẹ̀ nípasẹ̀ Wi-Fi inú yàrá yẹn nìkan. Fún àwọn tó fẹ́ kọ́ kódù (bí a ṣe ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), Scratch tí MIT gbé jáde ní 2007 ní èyí tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sórí flash kan ní ilé ẹnì kan nínú yín tó ní dátà, ó parí. Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n má fi PhET rọ́pò láàbù. Kí ọmọ ṣe é lójú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ Ajé, kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀.

Nínú ẹgbẹ́ yín, ẹni kan á wà tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village ní Ìkẹjà, tàbí tó jẹ́ rewaya, tàbí tó ń so sólà. Ẹ pe onítọ̀hún wá ní Satide kan. Kó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi míità wá ibi tí iná ti já, bí wọ́n ṣe ń jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ wáyà, ohun tó ń jẹ́ kí bátìrì wú. Àwọn ọmọ JSS á gbádùn rẹ̀ ju ohunkóhun lọ.

Ní ti àwọn tó ní ìjọba ló yẹ kó ṣe é, òótọ́ ni wọ́n sọ. Láti January 1955 tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Western Region, àti láti ìgbà Alhaji Lateef Jakande tó di gómìnà Èkó ní 1979, gbèsè yìí wà lọ́rùn ìjọba. Ẹ máa béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à ń ríran. Ọmọ tó wà ní SS1 báyìí kò lè dúró de bọ́jẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀. Àpẹẹrẹ kan tún wà tí ẹ lè fi bá ìjọba sọ̀rọ̀: ní 2009, Èkó yá mílíọ̀nù 95 dọ́là lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé fún Eko Project, apá kan nínú owó náà sì lọ tààrà sọ́dọ̀ àwọn ilé ìwé girama ìjọba kí wọ́n fi ra ohun tí wọ́n mọ̀ pé àwọn nílò. Owó kékeré tó wà lọ́wọ́ ilé ìwé fúnra rẹ̀, tí wọ́n sì ń jíhìn rẹ̀, ń ṣe ju ẹ̀rọ ńlá tí ẹlòmíì yàn fún wọn lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe àríyá, ẹ ṣe é nínú ọgbà ilé ìwé, kí owó rẹ̀ má kan ti láàbù.

Ẹ má gbé owó náà fún pírínsípà. Kì í ṣe pé mo fura sí i. Wọ́n lè gbé e lọ sí ilé ìwé mìíràn láàárín táàmù, ẹni tó bá rọ́pò rẹ̀ kò ní mọ ohunkóhun. Ẹ tún rántí pé ọ̀pọ̀ ọgbà ilé ìwé ní Èkó ni wọ́n ti pín sí Junior àti Senior, pírínsípà méjì ló wà níbẹ̀. Ẹ bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí ẹnì kan má lọ rò pé ti ẹnì kejì ni. Ẹ kọ lẹ́tà sí Education District IV, tó ń bójú tó Súrùlérè, Apápá àti Lagos Mainland, kí Tutor-General, olórí District náà, mọ̀ sí i, pàápàá nípa òṣìṣẹ́ láàbù, torí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń wọ ọgbà tí ọmọ wà gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Ẹ ṣí àkáǹtì tí ènìyàn mẹ́ta yóò máa fọwọ́ sí: ẹnì kan láti inú ẹgbẹ́ yín, ẹnì kan láti inú ẹgbẹ́ òbí, àti olórí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì.

Nínú mílíọ̀nù mẹ́sàn-án yẹn, ẹ má jẹ́ kó ju mẹ́rin lọ tí yóò jáde ní ọdún kìn-ín-ní. Gíláàsì, ìwọ̀n, sólà àti laptop ni kí ẹ fi rà, torí pé wọn kì í jẹrà, owó wọn sì ń gòkè lójoojúmọ́. Èyí tó kù, ẹ má fi jókòó sí àkáǹtì lásán kí náírà máa rù mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ fi ra Treasury Bills, ìwé tí ìjọba fi ń yá owó fún ìgbà díẹ̀ tó sì ń san èrè lé e, kí èrè rẹ̀ máa ran owó oṣù òṣìṣẹ́ náà lọ́wọ́. Lóṣooṣù, ẹ má béèrè fọ́tò. Ẹ béèrè ìwé àkọsílẹ̀ láàbù: ọjọ́ wo, kíláàsì wo, iṣẹ́ wo ni wọ́n ṣe, ọmọ mélòó ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, kí ló fọ́. Kí akọ̀wé, ìyẹn ẹ̀yin, kà á fún ẹgbẹ́ ní gbogbo ìpàdé. Oṣù tí ìwé náà bá ṣófo, ẹ gbéra lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kí ẹ bi wọ́n léèrè pẹ̀lú sùúrù, torí ó lè jẹ́ pé róbà pipette kan ṣoṣo ló já.

Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Kí lẹ́tà ti dé District kí táàmù kẹta tó parí ní July. Ẹ lo ìsinmi gígùn láti fi tún páìpù omi ṣe, láti kun ògiri, láti kó kẹ́míkà tó ti bàjẹ́ fún ẹni tó mọ bí a ṣe ń dà á nù, kí àwọn olùkọ́ sì ṣe Satide tiwọn nínú oṣù August. Ní September, ẹ fi SS1 ṣáájú. Àwọn ọmọ SS3 ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ fẹ́ ràn lọ́wọ́ nítorí WAEC, ẹ fún wọn ní àyè tiwọn, ṣùgbọ́n SS1 ni kó kọ́kọ́ wà lórí ìwé ètò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí àwọn nìkan ni owó yín yóò bá dé òpin ọdún mẹ́ta. Bí ẹ bá ti rí àyè kọ lẹ́tà náà, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Màá bá yín wò ó kí ẹ tó fi sílẹ̀, màá sì kọ orúkọ àti iye gbogbo èlò tí kíláàsì ọgọ́ta ọmọ nílò fún yín, kí àwọn ará Ọjọ́ta má bàa tà yín ní ohun tí ẹ kò ní lò.